Ẹmu Kì Í Ṣe Èlùbọ́

Ẹni tó bá ti gba físà nínú wa láti lọ kàwé gboyè kejì nílùú òyìnbó mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Kó tó ra àpótí, ẹrù ẹlẹ́rù á ti kún yàrá. Ìyá tó ní ká bá òun kó èlùbọ́ kílò méjì fún ọmọ òun, kò burú. Ẹni tó kó ẹja gbígbẹ wá, a ó fara dà á bó tilẹ̀ ń rùn. Àmọ́ ẹni tó gbé ike mẹ́rin wá, tó ní, "Ẹmu díẹ̀ ni, wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdána ní Manchester," ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo jókòó láti sọ. Èrò tèmi ni pé ká kọ̀ fún un, kódà bó jẹ́ àbúrò bàbá ẹni.

Kì í ṣe pé mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń wá a. Ìdána tí kò sí ẹmu níbẹ̀ dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ lójú àwọn àgbà. Níbi ìsọmọlórúkọ, ọtí ni a fi ń wúre fún ọmọ pé ọtí kì í tí. Àwọn ará wa tó wà ní Peckham ò gbàgbé èyí, inú mi sì dùn pé wọn ò gbàgbé. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọtí tí ojú ń rí jù lórí tábìlì ìdána níhìn-ín ní Sùúrùlérè, ṣìnáàpù ni, ọtí àwọn ará Họ́láńdì, tí ìlú Schiedam ti ń ṣe láti ayébáyé. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọ Èkó nígbà ìjọba amúnisìn, débi pé kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀, owó ibodè orí rẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba ibí fi ń jẹun. Lọ́dún 1919 ni àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye, ní ilẹ̀ Faransé, láti dá ọtí olówó pọ́ọ́kú dúró nílẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀ ṣìnáàpù ò kúrò lórí tábìlì wa. Ọtí wọn mọ ọ̀nà ilé wa, tiwa ni kò mọ ọ̀nà ilé wọn. Ọtí tí wọ́n fi iná sè tí wọ́n gba òógùn rẹ̀ lè wà nínú ìgò fún ọdún mẹ́wàá. Ẹmu ò ṣe é fi pa mọ́ di ọ̀tunla.

Orí ọ̀pẹ ni ẹmu ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí omi dídùn ṣe ń kán sínú akèrègbè adẹ́mu báyìí, ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára akèrègbè ti ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, agbára rẹ̀ lè tó 4 tàbí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, bíi ti bíà. Lẹ́yìn ìyẹn, kíkan ló kù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí náà ló ń tú afẹ́fẹ́ jáde, òun ló ń fa ìfófòó tí à ń rí. Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́mu tó mọṣẹ́ kì í fi í dé ike pa: á fi ìṣó lu ìdérí rẹ̀. Ta ló máa wá gbé ike tí a ti lu wọ ọkọ̀ òfurufú? Ẹni tó bá sì dé e pa, ohun tó máa bẹ́ ló dì sáàárín aṣọ.

Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́dún tó kọjá. Àjẹ́ǹtì kágò kan ní Mushin, tí n kò ní dárúkọ, gba ike márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, ó we sẹ́lótéèpù mọ́ wọn lọ́rùn, ó sì kọ "zobo" sórí páálí. Aṣọ ẹbí tí wọ́n ti rán wà nínú páálí kan náà. Nígbà tí ẹrù débẹ̀, ike mẹ́ta ti bẹ́, léèsì ń rùn bí ilé ọtí, ẹmu tó ṣẹ́ kù sì ti kan kọjá ohun tí a lè fi wúre. Àjẹ́ǹtì ní kí ẹ̀gbọ́n mi wo ìwé, pé zobo ló wà níbẹ̀, pé ta ló ń san owó ìtanràn lórí zobo? Òun ló purọ́, òun náà ni irọ́ gbà sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ òfin ò le tó bí a ṣe rò. Lóòótọ́, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà kì í gbé ọtí rárá, arìnrìn-àjò tó ti pé ọmọ ọdún 21 ló sì lè gbé lítà kan wọ ibẹ̀ láìsan owó ibodè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba lítà 18 wáìnì, lítà 42 bíà àti lítà 4 ọtí líle lọ́wọ́ arìnrìn-àjò. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kó jẹ́ tìrẹ tàbí ẹ̀bùn tí o fẹ́ fún ẹnìkan. Bí ẹlẹ́rù bá ti fún ẹ lówó láti bá òun gbé e, ọ̀rọ̀ ti di òwò nìyẹn. Wọ́n á sì bi ẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú bóyá ìwọ lo di ẹrù rẹ fúnra rẹ. Kí lo fẹ́ sọ? Orúkọ tìrẹ ló wà lórí físà, kì í ṣe ti àbúrò bàbá.

Ògógóró burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ òfurufú ò fi òté lé ọtí tí agbára rẹ̀ ò ju 24 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò tí ilé iṣẹ́ dé, kò sì gbọ́dọ̀ ju lítà 5 lọ. Ti inú ike omi ò sí níbẹ̀. Lọ́dún 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Rivers nítorí mẹtanọ́ọ̀lù inú ògógóró, ojú lásán ò sì lè mọ èyí tó ní in yàtọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹmu ránṣẹ́, kó ra ti inú ìgò, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, kó sì kọ "ẹmu" sórí ìwé ẹrù. Kì í ṣe iṣẹ́ àwámárìídìí. Ohun tí Louis Pasteur fi han ayé ní nǹkan bí ọdún 1864 náà ni: a gbé ìgò sínú omi gbígbóná, nǹkan bíi 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ìwúkàrà á kú, ìfófòó á dáwọ́ dúró. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba, FIIRO, tó wà ní Òṣòdì níbí ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, NIFOR nítòsí ìlú Benin náà sì ti ń rọ ẹmu sínú ìgò. Ẹni tó ti mu ti òwúrọ̀ rí á ní kò dùn tó. Òótọ́ ni, kò dùn tó, ṣùgbọ́n ó máa débẹ̀. Bí ìgò bá sì ń lọ sókè òkun dáadáa, adẹ́mu tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lè rí owó tó ju ti ike kan lójú títì lọ.

Ẹni tó bá ní òun ò lè mu ti inú ìgò, kó ní sùúrù di Kérésìmesì tó bá wálé. Ẹlẹ́mu ṣì wà ní Mushin.