Ta Ni Yóò Gbé Epo? Èrò Mi Lórí Ọ̀wọ́ Ọkọ̀ Ogun Inú Ìtàn Wa

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí WhatsApp kíláàsì wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Fún ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, àlàyé rẹ̀ kò gùn. Àwa mẹ́fà tí a wà ní ọdún àṣekágbá ń kọ ìtàn àròsọ kan ní èdè Yorùbá, ìtàn ogun láàrin ìràwọ̀, a sì fẹ́ kí ó jáde nínú ìwé ìròyìn yìí kí a tó kúrò ní yunifásítì. Ìlú méjì ló wà nínú ìtàn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí pílánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà sì wà láàrin wọn. Ìrìn oṣù mẹ́ta ni láti ìlú kìíní dé èkejì. Aládùúgbò kan tó lágbára jù wọ́n lọ ń wo kùsà náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Ìbéèrè tó dá ìjà sílẹ̀ ni pé: irú ọkọ̀ ogun wo ni kí àwọn ènìyàn wa kàn, mélòó mélòó sì ni?

Kí ìjiyàn má baà di ariwo lásán, a pín owó ìlú sí ọ̀nà 100. Mẹ́rin nínú àwa mẹ́fà ní kí a ná 70 lórí ọkọ̀ ńlá márùn-ún, kí a fi 30 tó kù kan àwọn kéékèèké tí yóò máa bá wọn kiri. Mo ta kò ó nígbà náà, mo ṣì ń ta kò ó. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn ọkọ̀ ńlá. Ta ni kò fẹ́ràn rẹ̀? Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù Star Wars ti 1977, níbi tí Star Destroyer ti ń kọjá lókè orí ẹni, tí ń kọjá, tí kò tán, ló kó irú ìtàn yìí sí ọ̀pọ̀ wa lórí. Ohun tí mo ń sọ ni pé a ti ń ka iye ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè iṣẹ́ tí ọkọ̀ fẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti Star Wars náà dáadáa. Gígùn Star Destroyer jẹ́ mítà 1,600. Ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan tó ń jáde láti inú rẹ̀, TIE fighter, kò ní ẹ́ńjìnnì tó lè gbé e láti ìràwọ̀ kan dé òmíràn, kò sì ní ààbò lára. Bí ìyá bá kú, ọmọ ò lè délé. X-wing ti àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní méjèèjì. Ṣé òmùgọ̀ ló ṣètò ọkọ̀ Empire ni? Rárá o. Tarkin sọ ọ́ kedere nínú fíìmù àkọ́kọ́ pé ìbẹ̀rù ni wọn yóò fi máa ṣàkóso. Bí iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ bá jẹ́ kí ó dúró sókè ìlú kí gbogbo ará ìlú máa gbọ̀n, ọkọ̀ tó rí bí òkè ni kí o kàn. Ètò náà bá iṣẹ́ náà mu. Ìgbà tí ọ̀tá di ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan tó ń wá ihò mítà méjì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dàrú. Executor tiẹ̀ gùn tó kìlómítà 19, síbẹ̀ A-wing kan péré ló já lu yàrá tí wọ́n ti ń darí rẹ̀ nínú fíìmù ti 1983, ó sì dorí kodò.

Àwọn ènìyàn inú ìtàn tiwa kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Wọ́n fẹ́ kí kùsà kúrò níbi tí wọ́n ti wà á, kí ó délé, kí àwọn tó gbé e má kú sọ́nà. Oṣù mẹ́ta lọ, oṣù mẹ́ta bọ̀.

Oṣù mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ kí a rò dáadáa, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí lórí omi ayé yìí. Ní oṣù kẹwàá 1904, Rọ́ṣíà ń bá Japan jagun, àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀ tó wà nítòsí ibi ìjà sì ti há mọ́ èbúté. Wọ́n bá rán ọ̀wọ́ mìíràn láti Òkun Baltic, lábẹ́ Ọ̀gágun Rozhestvensky, pé kí ó gba ẹ̀yìn ayé lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìrìn tó lé ní 30,000 kìlómítà ni. Èédú ni ọkọ̀ ìgbà náà ń jẹ, ó sì ń jẹ ẹ́ bí iná ṣe ń jẹ koríko ọ̀gbẹlẹ̀. Rọ́ṣíà kò ní èbúté tirẹ̀ kankan lójú ọ̀nà, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ìjà náà kò sì fẹ́ fa ogun sílé ara wọn. Ọkọ̀ ẹrù àwọn ará Jámánì ló ń pàdé wọn pẹ̀lú èédú. Wọ́n yà ní Dakar, wọ́n yà ní Gabon, wọ́n yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà po dé Madagascar, níbi tí wọ́n jókòó sí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú ooru. Níbi gbogbo, atukọ̀ tó yẹ kó máa kọ́ bí a ṣe ń yin ìbọn, ṣọ́bìrì èédú ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kó o sí yàrá, wọ́n kó o jọ sórí ọkọ̀ níta gbangba, nítorí wọn ò mọ ìgbà tí wọn yóò rí òmíràn.

Nígbà tí wọ́n fi dé Tsushima ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1905, ìdọ̀tí òkun ti lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, àwọn ọkọ̀ tuntun tó lè sáré sì ń rìn bí àwọn ògbólógbòó tó wà láàrin wọn, torí ẹni tó lọ́ra jù nínú ẹgbẹ́ ni ẹgbẹ́ ń bá rìn. Ọ̀gágun Togo ti Japan (kì í ṣe Tógò aládùúgbò Benin o) ń dúró dè wọ́n nítòsí ilé. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ rí wọn ní òru, Shinano Maru, kì í tilẹ̀ ṣe ọkọ̀ ogun láti ilẹ̀. Ọkọ̀ èrò ni, tí wọ́n sọ di alamí. Ó fi rédíò ránṣẹ́, ó ti tán nìyẹn. Ọ̀wọ́ Rọ́ṣíà fọ́ yángá láàrin ọjọ́ méjì. Ọkọ̀ mẹ́ta ni Japan pàdánù, kéékèèké ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò sọ pé èédú nìkan ló pa Rọ́ṣíà. Àwọn ayìnbọn Japan mọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú ètò tí ẹ fọwọ́ sí, ẹ̀yin ará mi mẹ́rin, ọkọ̀ agbépo mélòó ló wà? Òdo ni.

Ọ̀rọ̀ iye náà tún wà níbẹ̀. Frederick Lanchester, ẹnjiníà ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìṣirò kan tó gbé jáde nínú ìwé ní 1916. Bí gbogbo ọkọ̀ ìhà méjèèjì bá lè yìnbọn lu ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀tá ní mẹ́wàá, tí ìwọ sì ní márùn-ún, kì í ṣe ìlọ́po méjì ni ọkọ̀ rẹ gbọ́dọ̀ fi dára ju tirẹ̀ lọ. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ọkọ̀ ńlá márùn-ún wa kò lè dára tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Lóòótọ́, ìṣirò yìí kò bá èmi náà ṣọ̀rẹ́ tán, torí ó tún ń sọ pé ẹni tó bá fọ́n ọkọ̀ rẹ̀ káàkiri yóò jìyà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí a má kan ọkọ̀ ńlá rárá.

Ìmọ́lẹ̀ pàápàá ń ṣòfò àsìkò. Láti ayé wa dé Mars, ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 3 nígbà tí wọ́n bá súnmọ́ra, ó sì ń gbà tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 nígbà tí wọ́n bá jìnnà síra. Mars ni mo wí o, tí í ṣe aládùúgbò. Nínú ìtàn tiwa, igbe "ẹ gbà wá" yóò ti pẹ́ kó tó kan etí Balógun nílé. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kùsà nígbà tí olè dé nìkan ló lè gbà á.

Ẹnìkan nínú wa mú àbá agbedeméjì wá: ọkọ̀ tó ní ìbọn ńlá, tó ń sáré, tí irin ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kan irú rẹ̀ rí. Mẹ́ta nínú rẹ̀ bú gbàmù ní Jutland lọ́jọ́ kan ṣoṣo, 31 oṣù karùn-ún 1916, àwọn tó bá a lọ sì lé ní 3,000. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ, ibi tí ó ti kan àwa ọmọ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè gan-an. Àwọn kan ní kí a gbé destroyer, cruiser àti frigate wọnú ìtàn bí wọ́n ṣe wà, nítorí Yorùbá kò ní orúkọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni destroyer? Ní nǹkan bí 1890, ọkọ̀ kéékèèké tó ń gbé torpedo ń dẹ́rù ba àwọn ọkọ̀ ńlá Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kan ọkọ̀ mìíràn tí yóò máa pa wọ́n, wọ́n pè é ní torpedo boat destroyer. Ẹnu àwọn ènìyàn gé orúkọ náà kúrú. Apá tó sọ ẹni tí a fẹ́ pa bọ́ dànù, "apani" nìkan ló ṣẹ́kù. HMS Havock, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́, tó wọ omi ní 1893, kò gùn tó mítà 60. Lónìí destroyer tí Amẹ́ríkà ń pè ní Zumwalt wúwo ju cruiser rẹ̀ lọ. Japan ní Izumo, mítà 248, tí pèpéle bàálù tẹ́ lórí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, goeikan ni wọ́n ṣì ń pè é lédè wọn, ìyẹn ọkọ̀ tó ń sin ẹlòmíràn kí ewu má wu ú. Òṣèlú ló wà nínú orúkọ yẹn, kì í ṣe ìwọ̀n. Àríyànjiyàn àwọn ẹlòmíràn, ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, ló wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Bí a bá gbé wọn wọlé, a ó gbé àríyànjiyàn náà wọlé pẹ̀lú wọn, kò sì ní yé òǹkàwé wa.

Yorùbá ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-. Apẹja, akọ̀wé, aránṣọ. Ẹni tó bá gbọ́ "Agbépo" mọ ohun tó ń ṣe láì wo ìwé atúmọ̀. "Asọ́nà" náà nìyẹn, "Alamí" kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Àwọn tó jagun nílẹ̀ Yorùbá kò fi bí ara ṣe tóbi tó jẹ olóyè ogun. Balógun, Ọ̀tún, Òsì: ibi tí kálukú dúró sí àti iṣẹ́ tó ń ṣe ni. Ní Ìbàdàn, Sàrúmí ni olórí àwọn ẹlẹ́ṣin. Àǹfààní kan sì wà nínú rẹ̀ tí mi ò rò tẹ́lẹ̀: bí ọkọ̀ kan bá wà nínú ètò wa tí a kò rí ọ̀rọ̀-ìṣe fún, kí ni ó wá ń ṣe níbẹ̀?

Bí èmi yóò ṣe ná 100 wa nìyí. Ní iye tí a ti fohùn ṣọ̀kan lé, ọkọ̀ ńlá kan jẹ́ 14, nítorí náà Balógun méjì, 28. Ilé ni wọn yóò wà, papọ̀, títí di ọjọ́ tí aládùúgbò bá dé tìlù tìfọn. Asọ́nà 18 ní méjì méjì, 36. Àwọn ni yóò máa sin ọkọ̀ kùsà. Alamí 12 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 12. Agbépo mẹ́jọ ní méjì méjì, 16. Ọkọ̀ méjì tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ní mẹ́rin mẹ́rin, 8. Ẹni tó bá ní Balógun méjì kéré, kí ó rántí ohun tí àwọn ọmọ ogun ojú omi máa ń sọ, pé o nílò ọkọ̀ mẹ́ta kí ọ̀kan lè wà lójú iṣẹ́ nígbà gbogbo: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àwọn atúnṣe, ọ̀kan ń kọ́ atukọ̀ tuntun. Ọkọ̀ ńlá márùn-ún tí ẹ ń pariwo, ọ̀kan tàbí méjì náà ni yóò máa wà lójú ọ̀nà.

Wọ́n bi mí pé ta ló fẹ́ ka ìtàn agbépo. Èmi fẹ́ kà á. Battlestar Galactica tí wọ́n tún ṣe ní 2003 ní ìjà tó dára nínú, ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn mi ti ń lù kìkì ni ìgbà tí omi inú ọkọ̀ dà nù sínú òfuurufú, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò ní ohun tí wọn yóò mu, àti ìgbà tí epo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ fojú inú wo ọ̀gá ọkọ̀ Agbépo kan ní oṣù kejì ìrìn àjò. Epo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó Asọ́nà mẹ́ta. Mẹ́rin ló ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń darí ẹ̀kẹrin. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́fà lórí ìyẹn, ẹ ó kà á tó bá jáde.

Ọkọ̀ tó ń tún ọkọ̀ ṣe nìkan ni a kò tíì rí orúkọ fún. "Atúnkọ̀ṣe" bá òfin mu, ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu. "Alágbẹ̀dẹ" ni mo dìbò fún. Àwọn kan ní alágbẹ̀dẹ kì í kúrò nílé arọ. Mo ní àwọn tó ń bá ogun lọ sí ibùdó láti rọ ọfà àti idà ńkọ́? Ìbò di mẹ́ta sí mẹ́ta. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, bí ẹ bá ní orúkọ tó sàn ju méjèèjì lọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí olóòtú kí ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ tó pé.