Fíríìdọ̀m Kọ́ Ni Òpin Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kánò, láti Sabon Gari títí dé Farm Centre, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lónìí lè má dùn létí gbogbo yín, ṣùgbọ́n tá ò bá sọ ọ́ láàárín ara wa, ta ni yóò bá wa sọ ọ́?

Àwọn ọmọ wa tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ń jókòó lásán. Ẹ bi wọ́n, wọ́n á ní "Nàìjíríà ti le." A ò jiyàn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀, dọ́là tí báńkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi ₦460 ti fò kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Ojú fóònù, bátìrì, gbogbo ẹ̀, òkèèrè ló ti ń wá, dọ́là ló sì ń pinnu iye ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Nígbà tí fóònù tuntun bá wọ́n, kí ni aráàlú máa ń ṣe? Wọ́n á tún ògbólógbòó ṣe ni! Àsìkò yìí gan-an ló yẹ kí ṣọ́ọ̀bù wa kún. Kí ló dé tí oníbàárà ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì? Ìdí ni pé pípààrọ̀ ojú fóònù àti ẹnu ṣájà nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Tí ìṣòro bá ti wọnú bọ́ọ̀dù, tó di ká fi mítà wá ibi tí iná ti já, a ó ní "ó ti kú." Kò kú o. Ìmọ̀ wa ló dúró síbi tó wà lọ́jọ́ tá a ṣe fíríìdọ̀m.

Ẹ rántí àwọn tó ń fi táìpúráítà ṣiṣẹ́ ní bíṣínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Èyí tó bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà nínú wọn rí jẹ. Èyí tó ní "ọwọ́ mi yá lórí tèmi" di ẹni ìgbàgbé. Nígbà tí GSM dé lọ́dún 2001, àwọn ìyá wa fi agboòrùn àti fóònù kan ta kọ́ọ̀lù. Nígbà tí gbogbo èèyàn ní fóònù tán, àwọn tó gbọ́n bọ́ sídìí káàdì, wọ́n tún bọ́ sídìí POS. Bí ìlù bá yí padà, ijó náà a yí padà. Ṣé àwọn ìyá wa gbọ́n jù wá lọ ni?

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ gba ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mẹ́ta, ẹ ń rán an lọ ra oúnjẹ, ẹ ń fi iṣẹ́ bọ́ọ̀dù pamọ́ fún un kó má baà gba oníbàárà yín. Lọ́jọ́ fíríìdọ̀m, ẹ fún un ní sáfíkéètì, a jó, a náwó. Kí ni ọmọ náà mú lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ta kọ́ọ̀sì pé wọ́n á máa pa dọ́là láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn ọmọ wa sílẹ̀.

Wọ́n á ní dátà ti wọ́n. Òótọ́ ni: ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó lé e, títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Iná náà wọ́n. Ṣùgbọ́n àwa yìí kan náà là ń dáwó aṣọ ẹbí lọ́dọọdún. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa wà níbẹ̀, títì ló máa ń wà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Kí ló ní ká má fi owó aṣọ ọdún kan ṣoṣo gbé sólà àti íntánẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, kí àwọn tó mọ iṣẹ́ bọ́ọ̀dù, sólà àti CCTV máa kọ́ àwọn yòókù?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró de ẹgbẹ́. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ẹ̀ ń gbé. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú bọ́ọ̀dù kan tẹ́ ẹ ti jù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ jókòó tì í títí táá fi jí. Ẹ̀yin àgbà, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ aṣọ ọdún yìí máa wáyé nípàdé tó ń bọ̀. Ibẹ̀ la ó ti béèrè. Ẹni tó bá ní èsì, kó sọ ọ́ nísàlẹ̀ yìí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ wa di ìtàn. Àmín.