Bí Ẹ̀rọ Ọlọ́gbọ́n Bá Wọ Ibi Iṣẹ́

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 tí ẹ̀rọ ChatGPT ti jáde ni àwọn akọ̀wé àti àwọn tíṣà ti ń bi ara wọn pé, "Ṣé ẹ̀rọ yìí kò ní gba oúnjẹ lẹ́nu wa?" Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹni tí ó ń fi owó oṣù rán ọmọ mẹ́ta níléèwé kò lè gbọ́ ọ kí ó sùn fọnfọn.

Ní ọdún 2016, Geoffrey Hinton, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó fi ìpìlẹ̀ irú ẹ̀rọ yìí lélẹ̀, ní kí a má ṣe kọ́ àwọn dókítà tí ń yẹ fọ́tò inú ara aláìsàn wò mọ́, nítorí pé láàárín ọdún 5 ẹ̀rọ yóò mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ọdún 5 náà ti pé, ó ti kọjá, àwọn dókítà náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ ń bá wọn tọ́ka sí ibi tí ó yẹ kí wọ́n tún wò, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń bá dókítà ẹlẹgbẹ́ wọn gbìmọ̀, tí wọ́n sì ń fọwọ́ síwèé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo a máa ní ẹ̀ka púpọ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú. Ní ọdún 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan ní New York kó àwọn ẹjọ́ tí ChatGPT hun fún wọn lọ sí kóòtù, bẹ́ẹ̀ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí rí. Adájọ́ bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Ẹ̀rọ kì í tijú. Ẹni tí ó fọwọ́ síwèé ni ojú ń tì.

Àgbájọ ọwọ́ ni a sì fi ń sọ àyà. Lọ́dún 2023 kan náà, àwọn tí ń kọ eré sinimá àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 148. Ìwé àdéhùn tí wọ́n gbà sọ pé a kò ní ka ẹ̀rọ sí òǹkọ̀wé, ilé iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ fi ipá mú òǹkọ̀wé lò ó. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè rí irú rẹ̀ gbà. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ẹgbẹ́ yín.

N kò ní tàn yín: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju àdàkọ lásán lọ ní láti tètè kọ́ nǹkan mìíràn, kí ó sì máa dá èésú dè é. Lálẹ́ òní, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe níbi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ fàlà sábẹ́ èyí tí ẹ̀rọ lè ṣe, kí ẹ sì kọ́ bí a ti ń lò ó. Èyí tí ó kù, tí ó ń fẹ́ ojú, àánú àti ìfọkàntán ènìyàn, òun ni kí ẹ mọ̀ dunjú. Oníbàárà tí ó gbà yín gbọ́ kò ní tètè fi yín sílẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.