Ẹsẹ̀ Kan l'Ékòó, Ẹsẹ̀ Kan l'Ábújá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ìròyìn ayọ̀, tí ó sì máa ń di àríyànjiyàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ gba ìwé pé iṣẹ́ wà fún un l'Ábújá, owó oṣù ibẹ̀ sì fi ohun tó ju ìdajì lọ pọ̀ ju èyí tó ń gbà l'Ékòó. Ìyàwó dúpẹ́, ó kọrin, ó jó. Ṣùgbọ́n nígbà tó di òru, tí àwọn ọmọ ti sùn, ìbéèrè yọjú: ta ni yóò lọ, ta ni yóò dúró? Ṣé gbogbo ilé ni a ó kó lọ ni, àbí bàbá nìkan ni yóò máa gbé ọ̀hún, tí yóò máa wá wo ilé lópin oṣù? Ọ̀pọ̀ àwọn tọkọtaya tí ọmọ wọn ṣì kéré ló wà nínú ìdààmú yìí lónìí, mo sì rò pé ó tọ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Èrò tèmi kò gùn. Lílọ kò burú, dídúró náà kò burú. Ohun tí ó ń ba ilé jẹ́ ni kí ìdílé gbé ẹsẹ̀ kan sí Èkó, kí wọ́n gbé èkejì sí Àbújá, kí wọ́n má sì dá ọjọ́ tí ẹsẹ̀ méjèèjì yóò pàdé.

Ìrìn àjò kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ẹjìgbò bí wọ́n ṣe mọ Abidjan tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà bí àwọn bàbá wọn ṣe dé Kánò, Jọ́ọ̀sì àti ilẹ̀ Gánà. Ọkọ á kọ́kọ́ lọ, á dé sílé ará ìlú rẹ̀, á wá ibi tí yóò pàtẹ sí. Bí ọjà bá ti ń tà, á ránṣẹ́ pe ìyàwó. Ìyàwó náà kò ní í dé ọ̀hún kó wá káwọ́ gbera, àtẹ tirẹ̀ ni yóò gbé kalẹ̀. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18, Oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò ní Gánà, ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá ló di ẹrù wálé láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti kọ́ ilé sílé, tí kò sì já okùn òun àti àwọn ará ilé, rí ibi sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹni tó ti gbàgbé ilé rí ìyà. Ẹ̀kọ́ méjì ni àwọn àgbà wọ̀nyẹn fi sílẹ̀ fún wa: wọ́n pe aya àti ọmọ mọ́ra níbi tí wọ́n lọ, wọn kò sì gbọdọ̀ gbàgbé orísun.

Àbújá ní tirẹ̀ kì í ṣe ìlú tí ọjà kọ́, àṣẹ ìjọba ló dá a sílẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ, ọdún 1975, ìjọba Ọ̀gágun Múrítàlá Mohammed gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Adájọ́ Akínọlá Agúdà láti wo bóyá ó yẹ kí olú-ìlú kúrò l'Ékòó. Ní ọjọ́ 3, Oṣù Kejì, ọdún 1976, òfin jáde pé Àbújá ni yóò jẹ́ olú-ìlú tuntun, lórí ilẹ̀ tí àwọn Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń gbé tipẹ́tipẹ́. Ní ọjọ́ 12, Oṣù Kejìlá, ọdún 1991, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida kó ibùjókòó ìjọba lọ pátápátá. Iléeṣẹ́ ìjọba tẹ̀lé e, òṣìṣẹ́ ìjọba sì tẹ̀lé iléeṣẹ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni a kọ́kọ́ rí ohun tí mò ń wí yìí. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ l'Ékòó, wọ́n ní àwọn yóò lọ wo ọ̀hún ná. Wọ́n ní ọdún kan péré ni. Ọdún kan di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́wàá. Àwọn kan nínú wọn di bàbá ọjọ́ Ẹtì: wọ́n á wọlé lóru Ẹtì, wọ́n á sun ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á sì ti máa wo aago lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ìyá ló ń fọwọ́ sí ìwé iléèwé, ìyá ló ń gbé ọmọ tí ibà ń ṣe lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ mọ bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé bisikíìtì wá. Nígbà tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ pé ẹni ọgọ́ta ọdún, tó fẹ̀yìn tì, tó wálé, àlejò ni ó jẹ́ nínú ilé tí owó rẹ̀ kọ́. Ọmọ tó yẹ kó kọ́ níwà ti dàgbà. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa ọmọ tí a kò kọ́ àti ilé tí a kọ́.

Bẹ́ẹ̀ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń yan ìgbé ayé yìí ni pé wọ́n rò pé ó ń dín ìnáwó kù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ mú, kí kálukú fi owó tirẹ̀ rọ́pò. Ká sọ pé ọkọ ń gba ₦250,000 lóṣù l'Ékòó, Àbújá sì fẹ́ máa fún un ní ₦400,000. Ohun tó lé ni ₦150,000. Bí bàbá nìkan bá lọ, yóò gba yàrá àti pálọ̀. Bí owó rẹ̀ bá jẹ́ ₦900,000 lọ́dún, ₦75,000 nìyẹn lóṣù. Bí ó bá ń wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦70,000, tí oúnjẹ rẹ̀ lọ́tọ̀ sì jẹ́ ₦60,000, ₦205,000 ló ná. Iṣẹ́ tó mú ₦150,000 wọlé ti kó ₦205,000 jáde. Gbèsè ₦55,000 ni ìdílé náà ń jẹ lóṣooṣù nítorí ìgbéga. Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinúbú sì ti kéde ní ọjọ́ 29, Oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ẹ mọ̀ bí owó mọ́tò ṣe fò sókè.

Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ó ju kìlómítà 700 lọ, odindi ọjọ́ kan ni lórí ìjókòó. Ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé wà níbẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá, ọdún 2022, omi kún bo ojú títì lágbègbè Lọ́kọ́ja, èrò sì há sọ́nà fún ọjọ́ púpọ̀. Kí ẹ̀dá máa rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó ṣeé gbọ́. Kí ó máa rìn ín lóṣooṣù nítorí àtirí ọmọ tirẹ̀, ewu ni.

Bí gbogbo ilé bá wá kó lọ ńkọ́? Ìṣírò yẹn náà kò dùn bí oyin. Ká sọ pé olùkọ́ ni ìyàwó, tó ń gba ₦110,000 l'Ékòó, tí iṣẹ́ náà sì bọ́. Nínú ₦150,000 tó lé, ₦40,000 ló kù. Bí ilé tí yóò gba gbogbo wọn bá fi ₦25,000 lóṣù wọ́n ju ti Èkó lọ, ₦15,000 ló ṣẹ́kù. Ẹ má sì gbàgbé owó ilé ọdún kan tí onílé yóò gbà lẹ́ẹ̀kan náà, owó àgẹ́ǹtì, owó lọ́yà, owó ọkọ̀ tó kó ẹrù, owó iléèwé tuntun àti aṣọ iléèwé. Ọdún àkọ́kọ́ kì í ṣe ọdún èrè rárá. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá rí iṣẹ́ tó ń mú ₦80,000 wá, ₦15,000 yẹn di ₦95,000, ilé sì wà lójú kan.

Ẹ̀yin ọkọ, ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà: iṣẹ́ ìyàwó ni yóò sọ bóyá Àbújá yóò sàn tàbí kò ní í sàn. Síbẹ̀ òun ni a máa ń bi gbẹ̀yìn. Ìyàwó kì í ṣe ẹrù tí a ń dì sẹ́yìn mọ́tò. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba Èkó kò lè gbé e lọ sí Àbújá. Ó ní láti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kó wá bí yóò ṣe kúrò lábẹ́ ìjọba kan bọ́ sábẹ́ òmíràn, èyí kò sì lè bọ́ sí i àfi bí ibi tó ń lọ bá gbà láti mú un. Ohun ìtùnú kan wà níbẹ̀: láti ìgbà tí òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2004 ti dé, tí wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2014, òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ ètò náà ní àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tirẹ̀, nọ́ńbà kan náà ni yóò sì máa bá a kiri ibikíbi tó bá lọ. Owó tó ti fi pamọ́ kò sọnù. Kí ìyàwó tó ń tajà náà ronú dáadáa, nítorí oníbàárà tó kó jọ fún ọdún mẹ́wàá kì í wọ mọ́tò tẹ̀lé ni.

Ní ti àwọn ọmọ, àwọn kéékèèké ni wọ́n tètè ń gbọ́n sí ìlú tuntun. Ọmọ jẹ́léósinmi àti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò ti rí ọ̀rẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ọmọ tó ti wọ SS2, tó ń múra ìdánwò àṣekágbá, kò yẹ kí á fà á tu. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ èdè wọn. L'Ábújá, Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá ni wọn yóò máa gbọ́ lójúde. Bí ẹ kò bá sọ Yorùbá sí wọn nínú ilé, kò sí ẹni tí yóò bá yín sọ ọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì tìtorí rẹ̀ bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé Yorùbá yóò dí ọmọ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé kù. Ẹni tó rò pé òun ti sá fún sún kẹrẹ fà kẹrẹ Ọ̀jọ́ta, tó wá lọ gbalé sí Màràràbá ní Ìpínlẹ̀ Násáráwá nítorí pé owó ibẹ̀ kéré, yóò bá irú rẹ̀ pàdé láàárọ̀ ní Nyanya. Kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ jí láago márùn-ún, ẹ wọ ọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, kí ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ má sì kánjú ra ilẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 fi ilẹ̀ Àbújá sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìwé tí baálẹ̀ abúlé kan fọwọ́ sí nìkan kò tó. Láàárín ọdún 2003 sí 2007, tí Nasir el-Rufai jẹ́ mínísítà ibẹ̀, kátápílà wó ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ láìbá ètò ìlú mu, omijé kò sì dá a dúró.

Kí wá ni ṣíṣe? Bí ẹ bá ti ṣe ìṣírò tí ẹ rí i pé Àbújá dára, kò burú kí bàbá ṣáájú. Kí ó lọ mọ ìlú, kí ó wá ilé, kí ìyàwó máa kọ̀wé wáṣẹ́, kí àwọn ọmọ parí ọdún ẹ̀kọ́ wọn ní Oṣù Keje. Kí gbogbo wọn wá kó lọ nínú ìsinmi, kí iléèwé tuntun tó wọlé ní Oṣù Kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dágbére, ẹ dá ọjọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí tọkọtaya jọ mọ̀ ọ́n. Bí ọjọ́ náà bá pé, tí ilé kò sí, tí iṣẹ́ ìyàwó kò sí, tí ìṣírò kò sì bá ara mu, kí bàbá padà wálé láìtijú, kí ó wá nǹkan mìíràn ṣe. Ẹni tó padà lẹ́yìn ọdún kan kò tíì pàdánù ohun púpọ̀. Ẹni tó padà lẹ́yìn ogún ọdún ti pàdánù ìgbà èwe àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì sí owó oṣù tó lè rà á padà.

Àwọn mìíràn wà tí ó sàn kí wọ́n jókòó sí Èkó: ẹni tí ìyá arúgbó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń gba owó tó ju tirẹ̀ lọ, ẹni tí iṣẹ́ Àbújá náà jẹ́ ti oṣù mẹ́fà tí kò ní ìdánilójú. Kí irú wọn má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ẹni tó dúró pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, tó sì mọ ìdí tó fi dúró, ti ṣe ìpinnu bí ẹni tó lọ.

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí oká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni jẹ́ dúró dè wọ́n? Oká lè ṣáájú o, ṣùgbọ́n kí àwọn tó kù ti gbéra. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ibi tí ẹ bá yàn tù yín lára.