Ẹ Jẹ́ Ká Tọ́jú Maikirosíkóòpù Tó Wà Nílẹ̀ Ká Tó Ra Òmíràn

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ maikirosíkóòpù rí ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn wa lónìí: owó tí a fi rà á ni ẹ̀fà, ìtọ́jú rẹ̀ ni ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, èyí náà ni a kì í sì í rántí kà mọ́ ìnáwó. Bí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kan bá fẹ́ ṣe oore fún ilé ẹ̀kọ́ tó tọ́ wọn dàgbà, tàbí tí alága ìjọba ìbílẹ̀ kan bá fẹ́ kí orúkọ rere kù lẹ́yìn òun, wọn a ra awò náà, wọn a so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, wọn a pe àwọn oníròyìn, ìlú a dún, ayẹyẹ a sì parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bá ti túká, kò sí ẹni tí yóò béèrè ibi tí a óò gbé e sí, ẹni tí yóò máa nù ún, ibi tí gílóòbù mìíràn yóò ti wá nígbà tí èyí tó wà nínú rẹ̀ bá jó, tàbí àpò tí owó òróró rẹ̀ yóò ti máa jáde. Èrò tèmi, tí mo sì fi gbogbo ẹnu sọ, ni pé ó tó gẹ́ẹ́ kí a máa ra tuntun lé tuntun. Kí a kọ́kọ́ tọ́jú èyí tó wà nílẹ̀, nítorí maikirosíkóòpù tí a kò tọ́jú kì í ṣe ohun tí kò wúlò nìkan, ohun tó lè ṣi ènìyàn lọ́nà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni mo ń sọ. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun tó sì ń dá ẹ̀mí ọmọ ènìyàn légbodò ló kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Láti ayébáyé ni àwọn baba ńlá wa, àti àwọn baba ńlá òyìnbó pẹ̀lú, ti ń bá ọ̀tá tí wọn kò rí jà, títí di ìgbà tí Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ní ìlú Delft nílẹ̀ Họ́láńdì, fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ dígí kéékèèké, tó fi wọ́n wo omi, tó sì kọ̀wé sí àwọn ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1676 pé ẹ̀dá alààyè tíntìntín ń bẹ nínú omi náà. Ní ọdún 1880, Alphonse Laveran, dókítà àwọn ọmọ ogun Faransé, wo ẹ̀jẹ̀ sójà kan tí ibà ń ṣe ní ìlú Constantine ní Àljíríà, ó sì rí kòkòrò tó ń fa ibà nínú rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Robert Koch fi kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ han aráyé ní ìlú Berlin. Láti ìgbà náà ni ó ti di òfin iṣẹ́ ìṣègùn pé, kí a tó sọ pé báyìí ni àìsàn ṣe jẹ́, ká wò ó ká rí i.

Ilẹ̀ tiwa gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì kàn jù, nítorí nínú gbogbo ibà tó ń ṣe ọmọ aráyé lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ pé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a bá fura sí pé ibà ń ṣe wò, kí a tó fún un lóògùn. Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe iṣẹ́ ojú lásán. Oníṣẹ́ láàbù yóò gún ìka, yóò tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí síláìdì, ọ̀kan nípọn, ọ̀kan fẹ́lẹ́, yóò jẹ́ kí ó gbẹ, yóò fi aró Giemsa pa á láró, yóò fi omi ṣàn án, yóò kán òróró sí i, yóò sì fi lẹ́ńsì tó ń sọ ohun di ìlọ́po 100 wò ó, èyí tí lẹ́ńsì apá ojú yóò tún sọ di ìlọ́po 10, tí àpapọ̀ rẹ̀ yóò fi di ìlọ́po 1,000. Kí ó tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò rí kòkòrò kankan, ojú ibi 100 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó kéré tán, ni yóò ti yẹ̀ wò lórí síláìdì kan ṣoṣo. Ohun tí ó ń wá kò sì tóbi. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìbú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kò ju 7 tàbí 8 lọ nínú rẹ̀, òrùka kékeré tí kòkòrò ibà ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì náà kì í sì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Ẹ wá rò ó wò, bí òróró àná bá ti gbẹ mọ́ lẹ́ńsì tí a fẹ́ fi rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, tí eruku sì bò ó. Òrùka náà yóò ṣú, yóò dà rú mọ́ ohun tó yí i ká, ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó fòfò yóò sì gba ìwé pé kòkòrò ibà kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Ní ọ̀nà kejì, ìdàrọ́ aró tí a kò sẹ́ àti pàǹtírí orí síláìdì tí a kò fọ̀ mọ́ lè fara hàn bí àmì elésè àlùkò, kí ojú tó ti rẹ̀ kà wọ́n sí kòkòrò, kí a máa da oògùn ibà sí ẹni tí àìsàn mìíràn ń ṣe lára, kí àìsàn gan-an sì máa jẹ ẹ́ run lábẹ́lẹ̀. Ìwé èsì ni aláìsàn ń rí, kò rí lẹ́ńsì. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti di ìwé bẹ́ẹ̀ mú tayọ̀tayọ̀ lọ sílé, tí kò mọ̀ pé awò tí ìwé náà ti jáde wá kò ríran mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú ju bó ti yẹ lọ, kí ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ létí òkun wa níhìn-ín. Ní ọdún 1925, àwọn onímọ̀ tí Àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán wá tẹ̀dó sí Yábàá, ní Èkó àkéte, Èkó arómisá lẹ̀gbẹ lẹ̀gbẹ, láti wádìí ibà apọ́njú. Ṣáájú ìgbà náà ni Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú ìmọ̀ kòkòrò, ti fi maikirosíkóòpù rí kòkòrò kan nígbà tó ń ṣèwádìí ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tó sì kéde pé òun ló ń fa ibà apọ́njú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà á gbọ́. Àwọn onímọ̀ tó wà ní Yábàá wá kòkòrò náà títí lára àwọn aláìsàn ilẹ̀ wa, wọn kò rí i. Ní ọdún 1927 ni Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun tó ń fa àìsàn náà kéré débi pé ó ń gba inú asẹ́ tó ń dá kòkòrò dúró kọjá, maikirosíkóòpù onímọ̀lẹ̀ kò sì lè rí i. Àìsàn yìí kan náà ló pa Stokes ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, òun náà ló sì pa Noguchi ní Accra ní oṣù karùn-ún ọdún 1928. Kòkòrò tí Noguchi rí kì í ṣe àlá. Kòkòrò àìsàn mìíràn tó fara jọ ibà apọ́njú ni. Bí ẹni tó gbówọ́ tó bẹ́ẹ̀, tí irinṣẹ́ rẹ̀ pé, tí láàbù rẹ̀ mọ́, bá lè rí ọ̀kan kí ó pè é ní èkejì, kí ni a fẹ́ retí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí a fún ní awò tó ti fọ́jú, tí aláìsàn 40 sì tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀?

Ìtọ́jú awò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a bá gbé e wọlé. Ọwọ́ méjì ni a fi ń gbé e, ọ̀kan ní ọrùn rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ìdí rẹ̀. Orí tábìlì tí kì í mì ni ibùjókòó rẹ̀, kí ó jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ yípo, sí ibi tí omi ti ń ta, àti sí fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé tààrà. Níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège bíi tiwa, kò yẹ kí gílóòbù rẹ̀ tan láìsí sítábíláísà, kí ẹni tó bá sì lè rí èyí tó ní dígí ìtànṣán má ṣe kọ̀ ọ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ kì í béèrè owó iná. Lẹ́ńsì tó kéré jù ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ká tó lọ sí èyí tó tóbi. Bí a bá sì fẹ́ sún lẹ́ńsì mọ́ síláìdì, ẹ̀gbẹ́ ni ká ti máa wò ó, kì í ṣe inú awò, kí ó má baà di pé lẹ́ńsì sọ̀ kalẹ̀ fọ́ síláìdì, kí òun náà sì ha. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọwọ́ wúwo ló ti ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́ nínú àwọn awò tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Òróró jẹ́ ti lẹ́ńsì ìlọ́po 100 nìkan. Bí ó bá ta sí ti ìlọ́po 40, ká nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì parí lójoojúmọ́, bébà tí a ṣe fún nínu lẹ́ńsì ni ká fi nu gbogbo òróró kúrò, kì í ṣe etí aṣọ, kì í ṣe áńkáṣíìfù, kì í sì í ṣe itọ́.

Ojú ọjọ́ wa pẹ̀lú ń bá awò ṣọ̀tá, a kò sì lè rí ìdáhùn sí èyí nínú ìwé tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ olótùútù. Nígbà ọyẹ́, eruku ni. Nígbà òjò, ọ̀rinrin ni, ọ̀rinrin ló sì burú jù. Bí a bá ti awò mọ́ inú àpótí ṣíṣú lásìkò òjò, ohun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ a máa hù lójú lẹ́ńsì, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu, bí ó bá sì ti jẹ wọnú dígí, kò sí nínù tó lè mú un kúrò mọ́. Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ kò nira: kí a kan kọ́bọ́ọ̀dù onígi, kí a fi gílóòbù wọ́ọ̀tì 40 kan sí inú rẹ̀ kí ó máa tàn, kí ibẹ̀ lè máa móoru díẹ̀ ju yàrá lọ. Níbi tí iná kò sí, wóró sílíkà tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun yóò fa ọ̀rinrin náà mu. Èyí tó ní àwọ̀ nínú wọn yóò fi hàn wá nígbà tó bá mu yó, a ó sì yan án kí ó gbẹ, ká tún un lò.

Àwọn kan yóò wí pé àyẹ̀wò ibà oníkíákíá, èyí tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí lórí pátákó kékeré, ti dé, pé kí ni a tún ń fi maikirosíkóòpù ṣe. Mo bu ọlá fún àyẹ̀wò náà, nítorí ó ti gba ẹ̀mí là ní ọ̀pọ̀ abúlé tí kò ní láàbù. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún dókítà bí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó, ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ sì tún ń sọ pé ibà wà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò náà tán. Kò lè wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni tí a fura sí pé ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò lè wá ẹyin aràn inú ìgbẹ́, kò sì lè fi ara ewé han ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC. Iṣẹ́ tí maikirosíkóòpù kan ṣoṣo tó ríran lè ṣe ní ìlú kékeré kì í ṣe ohun tí a lè fi pátákó kékeré rọ́pò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lọ́rẹ maikirosíkóòpù láìfi owó ìtọ́jú kún un. Bí a bá ya náírà 1 sọ́tọ̀ nínú náírà 10 ìnáwó náà fún gílóòbù, bébà lẹ́ńsì, òróró àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe, ẹ̀bùn náà yóò pẹ́ ju ayẹyẹ rẹ̀ lọ. Èkejì ni pé kí awò kọ̀ọ̀kan ní alágbàtọ́ kan tí a mọ orúkọ rẹ̀, tó ní ìwé tí yóò máa kọ ọjọ́ tí a nù ún àti ọjọ́ tí a tún un ṣe sí, nítorí ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í sábà ní olùtọ́jú. Ẹ̀kẹta ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ní títún irinṣẹ́ láàbù ṣe, kí wọ́n sì máa lọ káàkiri láti ìjọba ìbílẹ̀ kan sí èkejì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ìjọba kò lè dá a ṣe, àwọn olóore kò sì lè dá a ṣe.

Ìjọba ìbílẹ̀ tó ní maikirosíkóòpù 2 tó ń ríran kedere, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò jókòó tì wọ́n láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ti ṣe àwọn ará ìlú rẹ̀ lóore ju èyí tó ní 10 tó dùbúlẹ̀ nínú eruku lọ. Òṣùwọ̀n yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé máa fi wọn iṣẹ́ gbogbo ẹni tó bá wá béèrè ìbò yín lórúkọ ìlera: ẹ má béèrè iye tí wọ́n rà, iye tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ni kí ẹ béèrè.