Ẹyin lohùn: Ohun tí ó ń fa àṣìgbọ́ láàárín awakọ̀ òfuurufú àti olùdarí tí ó wà nílẹ̀

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú ńlá méjì kọlu ara wọn lórí ilẹ̀, ní pápákọ̀ òfuurufú Los Rodeos. Erékùṣù Tenerife, tí í ṣe ti ilẹ̀ Sípéènì, ni pápákọ̀ náà wà. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ KLM, láti ilẹ̀ Họ́láńdì. Èkejì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Pan Am, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ènìyàn 583 ni ó kú. Gbogbo àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ KLM ni ó kú. Nínú ọkọ̀ Pan Am, ènìyàn 61 péré ni ó yè. Nínú gbogbo ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú tí ayé ti rí, kò sí èyí tí ó pa ènìyàn tó èyí.

Ẹ̀rọ kankan kò bàjẹ́ nínú ọkọ̀ méjèèjì. Epo kò tán. Lóòótọ́, kùrukùru bo pápákọ̀ lọ́jọ́ náà, tí ẹnì kan kò fi rí ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n kùrukùru kì í pa awakọ̀ tí ó bá dúró de àṣẹ. Ohun tí ó pa wọ́n ni ọ̀rọ̀ tí a sọ, tí a kò gbọ́ bí a ti sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ní ojú òfuurufú, ẹ̀mí ènìyàn ni ó lè bá a fọ́.

Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀

Ní pápákọ̀ òfuurufú ńlá, ilé gíga kan wà tí a ń pè ní ilé-ìṣọ́. Inú rẹ̀ ni àwọn olùdarí ọkọ̀ òfuurufú ń jókòó sí. Iṣẹ́ wọn ni láti rí i pé ọkọ̀ kan kò sún mọ́ òmíràn jù, ìbáà jẹ́ lókè, ìbáà jẹ́ nílẹ̀. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ gbéra, kò gbọdọ̀ balẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bọ́ sórí títì ìgbéra, àfi bí olùdarí bá fún un ní àṣẹ. Títì ìgbéra ni títì gbọọrọ tí ọkọ̀ máa ń sá eré lórí rẹ̀ kí ó tó fò. Orí rédíò ni àṣẹ náà ń gbà wá.

Rédíò yìí kò dà bí tẹlifóònù. Lórí tẹlifóònù, ẹni méjì lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì gbọ́ ara wọn. Lórí rédíò òfuurufú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àti olùdarí kan ni ó ń pín ìkànnì kan ṣoṣo lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò tẹ bọ́tìnnì. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò lè gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ. Bí ẹni méjì bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo tí ó ń dún bíi fèrè ni àwọn yòókù máa ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì á sì di òfo.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tenerife

Ọkọ̀ KLM ti dúró sí ìpẹ̀kun títì ìgbéra, ó ti múra láti fò. Ọkọ̀ Pan Am ṣì ń rìn bọ̀ lórí títì kan náà, ó ń wá ibi tí yóò yà sí. Olùdarí ṣàlàyé fún àwọn awakọ̀ KLM ọ̀nà tí wọn yóò tọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbéra. Kò tí ì sọ pé kí wọ́n gbéra. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń kánjú, nítorí pé òfin ilẹ̀ wọn fi ààlà sí iye wákàtí tí awakọ̀ lè fi ṣiṣẹ́. Àṣẹ ìgbéra ni ọkàn wọn ń retí. Àṣẹ ìgbéra náà ni etí wọn gbọ́. Ọ̀gá awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá eré.

Igbákejì rẹ̀ sọ gbólóhùn kan lórí rédíò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó lè ní ìtumọ̀ méjì. Ó lè jẹ́ pé, "A ti wà ní ibi ìgbéra." Ó sì lè jẹ́ pé, "A ti ń gbéra lọ." Olùdarí rò pé wọ́n dúró ni. Ó dáhùn pé, "OK." Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ní kí wọ́n ní sùúrù, òun yóò pè wọ́n. Àsìkò yẹn gan-an ni awakọ̀ Pan Am tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀, tí ó sọ pé àwọn ṣì wà lórí títì. Ohùn méjèèjì pàdé, wọ́n di ariwo fèrè. "OK" yẹn nìkan ni ó dé etí àwọn awakọ̀ KLM kedere.

Ààyè kan ṣì kù láti bọ́ nínú ewu. Onímọ̀ ẹ̀rọ inú ọkọ̀ KLM gbọ́ lórí rédíò bí Pan Am ti ń ṣèlérí pé àwọn yóò sọ bí àwọn bá kúrò lórí títì. Ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ bóyá ọkọ̀ náà kò tí ì kúrò. Ọ̀gá dá a lóhùn pẹ̀lú ìdánilójú pé ó ti kúrò. Ọ̀gá yìí jẹ́ ẹni ńlá nínú iṣẹ́ náà. Òun ni ó ń kọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn. Kò sí ẹni tí ó tún béèrè. Òwe ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú ọkọ̀ náà, ọgbọ́n ọmọdé sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

Ewu tí a kò pe orúkọ rẹ̀

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ dé etí, ṣùgbọ́n kò wọra. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1990, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Avianca ti ilẹ̀ Kòlóḿbíà ń lọ sí New York. Ojú ọjọ́ burú, ọkọ̀ sì pọ̀. Àwọn olùdarí ní kí ó máa yípo lókè títí ààyè yóò fi sí. Ó yípo ju wákàtí kan lọ. Epo rẹ̀ ń gbẹ.

Ọ̀gá awakọ̀ ní kí igbákejì òun sọ fún àwọn tí ó wà nílẹ̀ pé ewu dé. Igbákejì sọ pé epo àwọn ń tán lọ. Kò lo ọ̀rọ̀ tí òfin yà sọ́tọ̀ fún ewu. Lójú àwọn olùdarí, kò sí ọkọ̀ tí ó dúró pẹ́ tí epo rẹ̀ kì í dín kù. Wọn kò mọ̀ pé èyí ti dé ẹnu ikú. Ó dà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, tí ó ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé ooru mú lónìí. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ ní Cove Neck, nítòsí New York. Nínú ènìyàn 158 tí ó wà nínú rẹ̀, 73 kú.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí igbákejì náà lò ni "Mayday". Inú èdè Faransé ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá: "m'aidez", ìyẹn ni pé "ẹ ràn mí lọ́wọ́". Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ń pè é tẹ̀léra. Bí ó bá ti jáde lẹ́nu awakọ̀ kan, àwọn yòókù á dákẹ́, olùdarí á sì la ọ̀nà fún un. Lónìí, òfin àgbáyé ní kí awakọ̀ tí epo rẹ̀ fẹ́ tán pátápátá pe "Mayday", kí ó sì fi kún un pé epo ni.

Èdè méjì lórí ìkànnì kan

Àpẹẹrẹ kẹta wáyé ní Paris, ní òru ọjọ́ 25 oṣù kárùn-ún ọdún 2000, ní pápákọ̀ Charles-de-Gaulle. Olùdarí fún ọkọ̀ Air Liberté, tí ó ń lọ sí Madrid, ní àṣẹ ìgbéra ní èdè Faransé. Lẹ́yìn náà, ó bá ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí ó bọ́ sórí títì, kí ó sì dúró de ipò kejì. Olùdarí rò pé ẹ̀yìn Air Liberté ni ọkọ̀ akẹ́rù náà wà. Kò mọ̀ pé iwájú ni ó wà, ní ẹnu ọ̀nà kan tí ó já sí àárín títì.

Àwọn awakọ̀ inú ọkọ̀ akẹ́rù náà kò gbọ́ Faransé. Nítorí náà, wọn kò mọ̀ pé ọkọ̀ kan ti gba àṣẹ láti sá eré bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n bọ́ sórí títì. Ìyẹ́ apá ọkọ̀ Air Liberté gé yàrá awakọ̀ wọn, igbákejì awakọ̀ sì kú. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí ka lílo èdè méjì mọ́ àwọn ohun tí ó fa ìjàǹbá náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò gbọ̀ngbọ̀n. Awakọ̀ kì í gbọ́ àṣẹ tirẹ̀ nìkan. Ó ń fetí sí ohun tí a ń sọ fún àwọn yòókù, kí ó lè mọ ibi tí wọ́n wà. Ní Kútọnu àti ní Lomé, èdè Faransé ni èdè ilẹ̀. Ní Èkó, tí kò jìnnà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Òfin àgbáyé gba olùdarí láàyè láti lo èdè ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lè sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí ó bá béèrè fún un. Bí awakọ̀ kan bá ti Èkó bọ̀, tí ó sì ń gbọ́ Faransé láàárín olùdarí àti ọkọ̀ mìíràn, etí rẹ̀ ṣí, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ tì. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún àwọn awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ní Paris nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ ASECNA ni ó ń bójú tó ojú òfuurufú Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pẹ̀lú ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Ọdún 1959 ni a dá a sílẹ̀, Dakar sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Niamey tí ó ń kọ́ àwọn olùdarí níṣẹ́. Ẹ̀kọ́ èdè kò ṣeé yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Láti oṣù kẹta ọdún 2008, àjọ OACI, tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní gbogbo àgbáyé, ti fi dandan lé e pé kí awakọ̀ àti olùdarí tí ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè yege nínú ìdánwò èdè. Ìpele mẹ́fà ni ó wà. Ẹni tí kò bá dé ìpele kẹrin kò yege.

Ohun tí a ti ṣe sí i

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni àtúnsọ. Bí olùdarí bá ní kí awakọ̀ dúró ní ìwọ̀n gíga ẹsẹ̀ bàtà 3000, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún un sọ: "3000." Olùdarí náà gbọ́dọ̀ fetí sí àtúnsọ yìí. Bí awakọ̀ bá sọ pé 2000, olùdarí yóò tọ́ ọ sọ́nà lójú ẹsẹ̀. "OK" lásán kò tó mọ́. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá tún un sọ, tí ọkàn olùdarí ti wà lọ́dọ̀ ọkọ̀ mìíràn, àtúnsọ náà kò wúlò.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ méjì. Lẹ́yìn ìjàǹbá Tenerife, a pinnu pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró fún ìgbéra kò gbọdọ̀ jáde lórí rédíò, àfi nígbà tí a bá ń fún ọkọ̀ ní àṣẹ láti gbéra, tàbí tí a bá ń gba àṣẹ náà padà. Lẹ́tà pẹ̀lú ní orúkọ tirẹ̀. Ẹni tí ó ti jókòó kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé bí, dí àti tí jọra létí. Lórí rédíò, Bravo, Delta àti Tango ni à ń pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń ka nọ́ńbà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọkọ̀ méjì tí nọ́ńbà wọn jọra lè gba àṣẹ ara wọn.

Ẹ̀kẹta ni ìwé kíkọ. Ní orí òkun, níbi tí rédíò kì í ti í dún dáadáa, àwọn olùdarí àti awakọ̀ ti ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ara wọn lórí kọ̀ǹpútà. Ohùn a máa fò lọ, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ sílẹ̀ dúró. Awakọ̀ lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, nítòsí pápákọ̀, àkókò kì í sí fún ìwé kíkọ. Ohùn ni a óò máa lò níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí àtúnṣe tí ó ṣe pàtàkì jù lọ kò fi sí nínú ẹ̀rọ. Òun ni ìgboyà láti sọ pé, "Mi ò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Awakọ̀ tí ó ń kánjú lè rò pé yóò dá òun dúró. Igbákejì lè rò pé àbùkù ni, tàbí pé ọ̀gá yóò bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè kì í ṣìnà. Ní Tenerife, ẹnì kan béèrè lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ti béèrè lẹ́ẹ̀kejì, tí ọ̀gá rẹ̀ sì tẹ bọ́tìnnì láti bi ilé-ìṣọ́ léèrè, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ méjèèjì dé ibi tí wọ́n ń lọ.