Orúnkún Ń Dun Mama, Ẹ Ní Àgbà Ló Dé!

Lẹ́tà ìyá oníṣòwò kan ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Mama ní ọdún mẹ́rin rèé tí orúnkún ti ń da àwọn láàmú. Àtidìde lórí ìjókòó, ogun ni. Àwọn ọmọ ní kò sí nǹkan kan, àgbà ló dé. Ni Mama bá sọ oníkẹ́míìsì di dókítà: hóró funfun láàárọ̀, hóró pupa lálẹ́. Ní báyìí, inú ń ta wọ́n, ìgbẹ́ wọn sì dúdú bí ọ̀dà.

Háà, Mama! Ẹ má ka ìwé ìròyìn yìí tán kí ẹ tó gbéra lọ sí ọsibítù. Ìgbẹ́ dúdú bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ pé inú ń ṣẹ̀jẹ̀. Oògùn ara ríro bíi diclofenac àti ibuprofen lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá bí a bá ń lò ó fún ọjọ́ pípẹ́. Tramadol ọwọ́ àwọn ará gáréèjì ńkọ́? Ẹ sá fún un, bárakú ló ń dà.

Ìrora tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ kì í ṣe ohun tí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ń lé lọ. Dókítà kan náà ló yẹ kí ẹ máa rí, ẹni tó mọ ìtàn yín. Iṣẹ́ dókítà ìdílé nìyẹn. Ẹ̀ka wọn wà ní UCH, n'Íbàdàn. Yóò bèèrè gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ má fi àgbo pamọ́ fún un o. Yóò bèèrè bóyá ẹ ń rí oorun sùn, bóyá inú yín dùn, nítorí àìsùn àti ìbànújẹ́ a máa dá kún ìrora. Ó lè ní kí ẹ máa ṣe eré ìdárayá tó ń mú iṣan itan le, kí ẹ dín sísanra kù, kí ẹ sì máa lo ọ̀pá.

Dókítà gidi kò ní ṣèlérí pé ìrora náà á lọ ráúráú. Ohun tó ń wá ni pé kí ẹ lè rìn dé ọjà, kí ẹ sì padà wálé láìsunkún.

Ẹ̀yin ọmọ, "àgbà ló dé" kì í ṣe oògùn. Olójú kì í lajú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ yí wọ̀ ọ́. Ẹ tẹ̀lé Mama lọ lónìí.

Mama, à ń retí àbọ̀ o.